Ilé Ni Eré Ojú Títì Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìrìn Àjò Ọdún Láti Èkó Dé Iléṣà

Nígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń gbẹ, tí àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti gba ìsinmi, kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kì í retí àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń bẹ lẹ́yìn odi. Àwọn ará Èkó á di ẹrù, wọ́n á sì kọ orí sí ilé. Bí Kérésìmesì ti ń kó wọn jáde, bẹ́ẹ̀ náà ni Iléyá àti ọdún Àjíǹde ń kó wọn jáde. Ọ̀nà tí èrò rẹ̀ mọ níwọ̀n láàárín ọdún á wá kún bí ọjà.

Àwọn àgbà a máa gbàdúrà pé kí á má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Gbogbo wa ni a ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a ó rí i pé púpọ̀ nínú oúnjẹ tí ọ̀nà ń jẹ, àwa fúnra wa ni a ń gbé e lọ fún un; láti ilé ni a sì ti ń dì í.

Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ilé: bí a ti ń pín owó, bí a ti ń pín àkókò, àti bí a ti ń tọ́jú oúnjẹ. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún wọn ni pé ara ètò ilé ni ìrìn àjò jẹ́. Awakọ̀ tí ẹ rí tí ń sáré àsápajúdé lọ́nà, ẹ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ilé, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò di ẹrù ní alẹ́. Wọn kò wo táyà títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n jáde ní ọ̀sán, wọ́n sì ti ṣe ìlérí fún àwọn ará ilé pé àwọn yóò jẹun alẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kí ni ó kù kí awakọ̀ ṣe bí kò ṣe kí ó máa sáré?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ rin ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, láti Èkó dé Ìbàdàn, kí a sì ti ibẹ̀ gba Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà. Bí a ti ń lọ ni a ó máa wo ibi tí ewu wà, àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa láti ṣe sí i.

KÍ A TÓ KÚRÒ NÍ ILÉ

Ìṣirò kékeré kan ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gùn tó kìlómítà 127. Bí ọ̀nà bá ṣí gbayawu, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wa lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, yóò lò tó ìṣẹ́jú 76. Bí awakọ̀ bá sọ ọ́ di 120, yóò lo ìṣẹ́jú 64. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 13. Ẹ̀yin ìyálé ilé, kò sí ìrẹsì tí í jinná láàárín ìṣẹ́jú 13! Ohun tí a ń fi ẹ̀mí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún rà kò tó àkókò tí a fi ń se oúnjẹ lásán. Bí a bá fẹ́ ìṣẹ́jú 13, ẹ jẹ́ kí a tètè jí.

Ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó lọ, kí ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yàn yín. Ẹni tí ó bá lè lọ ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ṣáájú ọdún kò ní bá èrò ọjọ́ ìṣíkù fa ọ̀nà. Ẹ di ẹrù ní alẹ́, kí awakọ̀ sì tètè sùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ kedere, kí ẹ jáde. Ìrìn òru kò yẹ ọ̀nà wa, nítorí ọkọ̀ tí ó kú sójú títì láìní iná a máa dúró de ẹni tí kò rí i.

Ẹ wo táyà. Lára táyà kọ̀ọ̀kan ni a ti kọ nọ́ńbà mẹ́rin tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe é. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Táyà tí ń dán lójú lè ti di àgbàlagbà. Ẹ wo táyà ìpààrọ̀ pẹ̀lú, nítorí òun ni a máa ń gbàgbé.

Ẹrù kò gbọdọ̀ ju agbára ọkọ̀ lọ. Àpò gàárì, iṣu, kéèsì aṣọ àti adìyẹ ọdún, gbogbo rẹ̀ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́ kan ilẹ̀ kò lè dúró bọ̀rọ̀ bí a bá tẹ ìjánu rẹ̀. Ẹ má fi epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ì báà jẹ́ pé epo wọ́n ní ìlú tí ẹ ń lọ. Iná ni ẹ gbé sẹ́yìn àwọn ọmọ yín.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ̀yìn ni ìjókòó wọn, kí a sì fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Ìyá a máa rò pé itan òun ni ibi tí ó dára jù fún ọmọ ọwọ́. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n apá kò ká a. Bí ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 50 péré bá kọlu nǹkan tí ó sì dúró lójijì, ọmọ tí ó wọn kílò 10 lè wúwo ní apá ìyá rẹ̀ bí ẹrù tí ó ju kílò 200 lọ. Kò sí ìyá tí ó lè di ìyẹn mú. Ìjókòó ọmọdé tí a dè mọ́ ọkọ̀ wúlò ju aṣọ ọdún méjì lọ; bí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ jẹ́ kí aṣọ ọdún tó kọjá tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ èrò, ẹ wọ̀ ọ́ ní gáréèjì tí a mọ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú ọ̀nà. Ẹ yí i ká kí ẹ tó san owó. Ẹ bi awakọ̀ léèrè ìgbà tí ó dé láti ìrìn rẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí ó ti Ìbàdàn dé ní òwúrọ̀, tí ó tún fẹ́ padà, tí ó sì fẹ́ wá kó èrò mìíràn ní alẹ́, oorun ni yóò wa ọkọ̀ fún un. Bí ẹ bá gbóòórùn ọtí tàbí paraga lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé ẹrù yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí ó bá tètè ṣètò.

LÁTI ÈKÓ DÉ ṢÁGÁMÙ

Ní ọdún 1978 ni a ṣí òpópónà márosẹ̀ yìí. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa ni ó ń gba Ìkòròdú àti Ṣágámù, lórí ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ méjì fi ń bá ara wọn pàdé lójúkojú. Ọ̀nà tuntun pín àlọ sọ́tọ̀, ó pín àbọ̀ sọ́tọ̀. Ó ti gbó, ó sì ti ní kòtò kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ńlá lórí rẹ̀ ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dán kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ eré. Ó lè dá eré kún un ni.

Kí a tó dé Bájà, afárá Ọ̀tẹ́dọlá ni a ó kọ́kọ́ bá. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan dànù níbẹ̀, iná sì jó ọkọ̀ tí ó ju 50 lọ. Ènìyàn kú sínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a má ṣe máa tẹ̀lé ọkọ̀ agbépo pẹ́kípẹ́kí, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ fún un ní àyè, bí ó ti wù kí àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn yín máa fọn fèrè tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kárà, létí odò Ògùn, níbi tí ọjà màlúù àti àgbò wà. Nígbà Iléyá, ẹni tí ń ra àgbò, ẹni tí ń dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, àti ẹni tí ń sáré kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, gbogbo wọn ni ó wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Ìbafọ̀ àti Mòwé, ìlú ti gbà títì. Ibẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti ń pọ̀ jù, pàápàá ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lọ fún ìsìn òru ní Ibùdó Ìràpadà. Kí ẹni tí ń ṣètò ìrìn àjò rẹ̀ wo ọjọ́ yìí nínú kàlẹ́ńdà.

Ewu tí ó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni àìnísùúrù. Àwọn awakọ̀ kan á yà kúrò ní ojú ọ̀nà tiwọn, wọ́n á gba ti àwọn tí ń bọ̀, wọ́n á sì máa tan iná sójú wọn. Bí ẹ bá wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àkókò àtisọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọdá, afárá ẹlẹ́sẹ̀ kò gùn ju ẹ̀mí lọ.

Ní Ṣágámù ni ọ̀nà ti pín sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn Ìjẹ̀bú ń ṣe Ojúde Ọba, oríta yìí kì í sinmi. Ẹ ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ó yà sí kí ẹ tó dé ibẹ̀. Yíyà lójijì ní oríta ti kó ọ̀pọ̀ sí ìyọnu.

ÒGÈRÈ ÀTI OJÚ Ọ̀NÀ TÍ Ó ṢÍ

Lẹ́yìn Ṣágámù, ọ̀nà ṣí. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ awakọ̀ ti ń wúwo. Ní Ògèrè, àwọn tírélà àti ọkọ̀ agbépo a máa dúró láti sinmi, òmíràn a sì yọ ìdí sójú títì. Òfin ní kí irú ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ má ju kìlómítà 60 lọ lórí òpópónà márosẹ̀, kí bọ́ọ̀sì àti takisí má ju 90 lọ. Ẹ wá rò ó wò: ẹni tí ń sá 120 ń lọ bá ẹni tí ń sá 60, tàbí ẹni tí ó dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 100 ń rin mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá tòògbé fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, tàbí kí ó wo fóònù rẹ̀ fún ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, ó ti rin mítà 56 láìríran.

Ọyẹ́ ń dá kún un. Ní àárọ̀ oṣù Kejìlá, kùrukùru a máa bo ibẹ̀, bí wọ́n bá sì ń sun igbó, èéfín á dàpọ̀ mọ́ ọn. Kí awakọ̀ dín eré kù, kí ó tan iná iwájú, kí ó sì fi iná náà sí ìsàlẹ̀. Iná gíga a máa padà wá fọ́ ọ lójú nínú kùrukùru.

ÌBÀDÀN, AṢÉJIRẸ ÀTI ÌKÍRÈ

Ní Ìbàdàn, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí awakọ̀ na ẹsẹ̀, kí ó bu omi sójú, kí àwọn ọmọ tọ̀. Ẹ má fún un ní iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ní ọ̀sán gangan kí ẹ tún ní kí ó wa ọkọ̀. Oúnjẹ tí ó wúwo ń pe oorun. Oògùn ikọ́ àti ti ọ̀fìnkìn mìíràn náà ń pe oorun, kí ẹ ka ohun tí a kọ sára rẹ̀. Ẹ̀kọ díẹ̀, ẹyin sísè, ọsàn àti omi tó o. Bí ẹ bá gbé mọ́ínmọ́ín dání, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́, nítorí nínú ooru ọkọ̀ kò yẹ kí ó ju wákàtí méjì lọ kí a tó jẹ ẹ́ tán.

Láti Ìwó Róòdù ni a ó ti kọ orí sí Ifẹ̀. Ní Aṣéjirẹ, ọ̀nà kọjá lórí odò Ọ̀ṣun, nítòsí ìsédò tí ń fún Ìbàdàn ní omi. Àwọn olùtà ẹja wà létí títì pẹ̀lú ẹja yíyan àti díndín, òórùn rẹ̀ a sì máa dá ọkọ̀ dúró. Níwájú díẹ̀ ni Ìkírè wà, tí ó ní dòdò tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ti jóná, nítorí ó dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, èyí tí ìyàwó ilé mìíràn ì bá dà nù, ni wọ́n ń gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì ń dín nínú epo pupa. Ọgbọ́n obìnrin ni, kí ohun kan má ṣòfò. Ó dùn, ó sì ta lẹ́nu.

Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ rà á bí ọlọ́gbọ́n. Kí ọkọ̀ kúrò lójú títì pátápátá, kí a sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ igbó, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ má na owó láti ojú fèrèsé ọkọ̀ tí ń rìn kí ọmọ ẹlòmíràn wá máa sáré tẹ̀lé yín. Ọmọ tí ń sáré tẹ̀lé yín nítorí ṣéńjì, òun náà ní ìyá tí ń retí rẹ̀.

IFẸ̀ ÀTI ÒKÈ ÌJẸ̀ṢÀ

Bí a bá dé Ifẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé agbègbè yìí ní ìtàn nínú ọ̀rọ̀ ààbò ojú pópó. Ní ọdún 1977, nígbà tí Ifẹ̀ àti Iléṣà ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí aráyé ń pè ní Májàmájà. Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ṣóyínká náà sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Orúkọ Májàmájà náà dára púpọ̀: ó ń bẹ̀ wá pé kí a má jà.

Láti Ifẹ̀ lọ, òkè Ìjẹ̀ṣà ti ń yọ. Ọ̀nà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí yóò sì kọjá Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, tí yóò gba Ẹ̀rìn-Òkè àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, yóò rí ọ̀nà tí ń wọ́ kiri bí ejò. Ilẹ̀ náà rẹwà, ṣùgbọ́n kí awakọ̀ fi ẹwà náà sílẹ̀ fún èrò. Kí ó fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kí ìjánu má baà gbóná títí yóò fi kọ̀ láti mú. Kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti kọjá lára ọkọ̀ mìíràn ní ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tàbí nígbà tí kò tíì rí òdìkejì òkè.

Bí ẹ bá rí ewé tútù tí a tò sójú títì, àrokò ni. Ọkọ̀ kan ti kú síwájú, tàbí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀. Ẹ dín eré kù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tiyín ni ó kú, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta pupa sí ọ̀ọ́kán dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kí gbogbo èrò sì kúrò nínú ọkọ̀ lọ sí ìta títì. Nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ kó ewé yín kúrò.

ẸNU ÈRÒ

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé awakọ̀ ni ó ni ọkọ̀, pé èrò kò ní ọ̀rọ̀ sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà nínú bọ́ọ̀sì kan tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀, tí awakọ̀ rẹ̀ ń sáré bí ẹni tí a ń lé. Àwọn kan ń bú u, ṣe ni èébú náà ń mú kí ó túbọ̀ máa sáré. Ìyá àgbà kan tí ó gbé adìyẹ ọdún sẹ́sẹ̀ ni ó wá pè é pẹ̀lẹ́:

“Dẹ́rẹ́bà, ọkọ mi, ṣé ìyá rẹ ń bẹ láyé?”

“Ó ń bẹ, màmá.”

“Níbo ló wà?”

“Ẹdẹ ni, mà.”

“Ó dáa. Bí àwọn tèmi ti ń retí mi ni òun náà ń retí rẹ. Jẹ́ kí á jọ dé.”

Ọkọ̀ náà rọlẹ̀, ó sì rọlẹ̀ títí a fi dé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ tètè sọ̀rọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ ní kí ó sọ yín kalẹ̀ ní ìlú tí ó bá kàn, kì í ṣe nínú igbó. Owó ọkọ̀ tí ó ṣègbé kò tó nǹkan.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, nọ́ńbà Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, a kì í san owó lé e. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, kí ẹ má sì jáwọ́. Ẹ má ṣe fa ẹni tí ó farapa lọ́rùn tàbí lẹ́yìn, àfi bí iná bá fẹ́ ràn. Bí ọkọ̀ agbépo bá dànù, ẹ sá jìnnà sí i. Ẹni tí ó gbé garawa lọ síbẹ̀ kò rí epo ọ̀fẹ́ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi jẹ́ ti àwọn tí ń bẹ nílé, tí wọ́n ń retí. A máa ń rò pé àwa kò sí lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni fóònù wa wà níbẹ̀. “Ibo lẹ dé? Ẹ ò tíì dé Ifẹ̀? Oúnjẹ ti ń tutù o!” Ìfẹ́ ni ó ń mú wa pè, ṣùgbọ́n ìpè ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá a máa di ẹgba lẹ́yìn awakọ̀. Ẹ pe èrò, ẹ má pe awakọ̀. Ẹ pè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ fún wọn pé bí ilẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n sùn sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ̀la. Ohun kan náà ni kí ẹ sọ nígbà tí wọ́n bá ń padà ní oṣù Kìíní, tí gbogbo ayé tún ń sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọbẹ̀ tí ó tutù, a ó gbé e kaná.